Iná Ilé Wa Kò Gbọ́dọ̀ Máa Tọrọ Àyè Lókè Òkun

Ẹ̀yin náà á rántí Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já ní tòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE, SAT-3. WhatsApp ń yí bírí lójú kan. Tiránsífà há sọ́nà. Ọ̀kan nínú wa dúró níwájú ìyá olóúnjẹ tó ogójì ìṣẹ́jú, àwo ìrẹsì lọ́wọ́, torí pé alẹ́ẹ̀tì ò wọlé.

Ìyẹn ṣì kéré. N'Ìbàdàn, ní Àkóbọ̀, ìyá ọ̀rẹ́ wa kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì ti tẹ fóònù wọn láàárọ̀ kùtù, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú kànga lọ sínú táǹkì, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù wọn lọ. Wọn ò wẹ̀yìn. Kí ni wọ́n fẹ́ wẹ̀yìn fún? Àwa la fi ẹnu ara wa sọ fún wọn pé bí táǹkì bá ti kún, pọ́ǹpù á pa ara rẹ̀.

A ti fi sẹ́ńsọ̀ sínú táǹkì, a sì fi súwíìṣì oníWi-Fi sí ìdí pọ́ǹpù. Láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì kò tó ogún ìṣísẹ̀. Èèyàn lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù kó máa gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú táǹkì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe so wọ́n pọ̀ nìyí: sẹ́ńsọ̀ á kọ́kọ́ sọ fún sáfà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lókè òkun, pé omi ti kún, sáfà yẹn á wá ránṣẹ́ padà sí Àkóbọ̀ pé kí súwíìṣì pa pọ́ǹpù. Ọ̀rọ̀ ogún ìṣísẹ̀ di ọ̀rọ̀ tó ń la òkun kọjá lọ, tó tún ń la òkun kọjá bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó jáde nílé, kò dé ibi tó ń lọ.

Omi kún, ó ṣàn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Oṣù Kẹta ni, ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì mú, omi inú kànga ò pọ̀. Nígbà tó yá, omi tán, pọ́ǹpù ń yí lásán títí ó fi jó. Nígbà tí Mọ́mì dé nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ àti òórùn wáyà jíjó ló pàdé wọn. Wọn ò bú wa. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ni pọ́ǹpù yìí gan-an?"

Àwa mẹ́rin la dá owó òmíràn. Púlọ́ńbà tó wá gbé tuntun sílẹ̀ ju float switch kan sínú táǹkì, irú èyí tí kò ní ọgbọ́n kankan lórí: omi gbé e sókè, ó já iná, ó parí. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Mọ́mì ni kò tíì kúrò lọ́rùn wa, òun ló sì fa ohun tí à ń kọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí a dúró sí kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yòówù tí ẹ bá so mọ́ ilé èèyàn, tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ilé yẹn lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, kò tíì di ti onílé. Owó ti kúrò lápò rẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Àwa ọmọ ẹ̀kọ́ iná àti kọ̀ǹpútà tí à ń fi iṣẹ́ yìí gbọ́ bùkátà, tí à ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa torí pé ó yára, à ń ṣe wọ́n níkà. Ká ṣíwọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kórìíra smart home. Iṣẹ́ yìí ló bọ́ wa nígbà tí ASUU yanṣẹ́ lódì lọ́dún 2022, tí oṣù mẹ́jọ fi gbéra ńlẹ̀ tí a ò rí kíláàsì. A mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà lórí kilowatt kan fún wákàtí kan. Ẹni tó ní ínfátà ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Tí ẹ̀rọ kékeré kan bá lè mọ̀ pé NEPA ti mú iná lọ, kó yára pa ẹ̀rọ amúlétutù àti èyí tó ń gbóná omi kí bátìrì má bàa kú, ìyẹn kì í ṣe fáàrí. Nílẹ̀ wa níbí gan-an ni iṣẹ́ yìí ti wúlò jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn wá pé à ń ṣe é níṣekúṣe.

Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wà, bíi gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ èdè Wi-Fi. Zigbee tàbí Z-Wave ni wọ́n ń sọ, torí pé kì í jẹ bátìrì púpọ̀. Hub ló ń gbọ́ èdè yẹn. Hub dà bí alága ìdúró níbi ìgbéyàwó: kò sí ọ̀rọ̀ tí ìdílé kan fẹ́ bá èkejì sọ tí kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn hub ni ètò tó ń pàṣẹ wà, èyí tó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú kí iná ìta tàn, bí táǹkì bá kún kí pọ́ǹpù kú. Home Assistant ni èyí tí àwa ń lò. Paulus Schoutsen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2013; ọ̀fẹ́ ni, gbogbo èèyàn ló lè wo inú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi tàbí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yín tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀nà méjì lèèyàn lè gbà so hub pọ̀ mọ́ ètò yìí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìjà wà. Nínú ọ̀kan, hub àti Home Assistant wà lórí ráútà kan náà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Nínú èkejì, hub ń bá sáfà ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀ lókè òkun, Home Assistant á wá lọ tọrọ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ sáfà yẹn. Lójú ẹni tó ń wo fóònù, méjèèjì jọra bí ìbejì. Gílóòbù tàn, gílóòbù kú. Ọjọ́ tí wáyà bá já lẹ́nikẹ́ni tó ń mọ èyí tó jẹ́ Táíwò.

Ohun tó múni bínú níbẹ̀ ni pé kò pamọ́. Lórí ojú ìwé tí Home Assistant yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: Local Push, Local Polling, Cloud Push, Cloud Polling. Tí ẹ bá rí Local, ọ̀rọ̀ ò jáde nílé. Tí ẹ bá rí Cloud, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ó tó ìṣẹ́jú kan láti wò ó kí a tó ra ẹ̀rọ Mọ́mì. A ò wò ó. Ohun tí a wò ni iye owó, àti àwọ̀ áàpù.

Àwọn kan á ní wáyà abẹ́ òkun kì í já lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wáyà kọ́ ni gbogbo ohun tó lè já. Ẹ wo Revolv. Hub ni, nǹkan bíi 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣèlérí fún àwọn tó rà á pé iṣẹ́ orí sáfà rẹ̀ á wà títí ayé láìsan kọ́bọ̀ mọ́. Nest, tí Google ti rà, ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 2014. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2016 wọ́n pa sáfà rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe hub náà. Iná rẹ̀ ò jó, omi ò wọ inú rẹ̀, kò jábọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó pé pérépéré, tó wà nínú yàrá ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á, di ike lásán torí pé àwọn kan ṣèpàdé. Títí ayé ta ni? Ayé ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ayé ẹni tó san owó.

Wink náà dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé wà nílé nítorí Kòrónà, wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ti ra hub wọn pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò bá san dọ́là márùn-ún dín díẹ̀ lóṣooṣù, áàpù rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ariwo sọ, wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gba owó náà. Bàbá onílé wa gan-an ò tíì ṣe irú ìyẹn rí, ẹ sì mọ bàbá onílé.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ rántí jù ni ti Insteon. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, sáfà wọn kàn dákẹ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìkìlọ̀. Àwọn èèyàn jí, áàpù ò mọ ilé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn tó ti so hub wọn mọ́ Home Assistant nínú ilé ṣì ń tan iná wọn. Hub kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ìpalọ́lọ́ kan náà. Ibi tí wáyà gbà nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, àwọn kan lára àwọn oníbàárà gan-an dá owó jọ, wọ́n ra ohun tó kù, wọ́n tún sáfà náà gbé dìde. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló fẹ́ dá owó ra ilé iṣẹ́ kí iná pálọ̀ tó lè tàn?

Ilé iṣẹ́ ò tilẹ̀ nílò kó kú. Ó lè wà láàyè kó kàn tilẹ̀kùn. Chamberlain tí ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì l'Amẹ́ríkà pinnu lópin ọdún 2023 pé ètò tí òun ò fọwọ́ sí ò gbọdọ̀ bá sáfà myQ òun sọ̀rọ̀ mọ́. Home Assistant yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń tì lẹ́yìn. Oníbàárà ló ni gáréèjì, òun ló ni ilẹ̀kùn, òun ló ni mọ́tò tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọgbọ́n ibẹ̀ gbé pátákó ESP kékeré kan, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ náà tààrà, wọ́n fi sáfà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Haier náà kọ̀wé ìkìlọ̀ òfin sí ọmọkùnrin kan tó kọ ètò ọ̀fẹ́ tó ń so àwọn ẹ̀rọ wọn mọ́ Home Assistant, kó yọ ọ́ kíá. Nígbà tí ayé pariwo, ohùn wọn rẹlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń bá wọn ta ọjà ni wọ́n kọ̀wé sí.

Nígbà tí a ka ọ̀rọ̀ yìí fún ara wa nínú yàrá, ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ bínú. Ó ní ọ̀rọ̀ oyìnbó tó jókòó sínú iná tí kì í kú là ń sọ. Ó ní oníbàárà tòun ò fẹ́ gbọ́ Zigbee. Ó fẹ́ ṣí fóònù rẹ̀ kó rí iná rẹ̀, kó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi ayẹyẹ, òun á gba owó òun, òun á lọ ka ìwé òun. Ó tún ní gbogbo ohun tí à ń lò níbí ló wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tẹ́lẹ̀: iná wà lọ́wọ́ NEPA, owó wà lọ́wọ́ báǹkì, kí ló dé tí gílóòbù á fi dá yàtọ̀?

A ò ní sọ pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn bàbá àti ìyá wa ṣe nígbà tí iná wà lọ́wọ́ NEPA. Wọn ò jókòó. Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ra ínfátà, wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yín, àtakò sí gbígbẹ́kẹ̀lé ẹni tó jìnnà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwa tó lọ sí yunifásítì la wá padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó tún fi okùn tuntun sí wọn lọ́rùn, a sì pè é ní ìlọsíwájú. Báǹkì tilẹ̀ sàn: báǹkì ní ẹ̀ka tí èèyàn lè lọ pariwo. Sáfà yẹn ò ní ẹnu ọ̀nà.

Òótọ́ kejì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ti inú ilé náà ní wàhálà tirẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé kò ní, ọjà ló ń tà. A ti jìyà rẹ̀. Memory card inú Raspberry Pi kì í fẹ́ràn kí NEPA máa mú iná lọ ní gìdìgbò; méjì ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kó tó di pé a kọ́gbọ́n, a gbé e sórí ínfátà, a fi SSD rọ́pò káàdì, a sì ń kó ẹ̀dà ètò náà pamọ́ sí ibòmíì. Zigbee àti Wi-Fi jọ ń lo 2.4 GHz, nítorí náà tí ẹ bá ki igi Zigbee bọ ihò USB 3 ní tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, á máa ṣe bí adití. Ẹ lo wáyà USB gígùn fà á jìnnà díẹ̀.

Èyí tó wá dá wa láàmú jù, a ò rí i nínú fídíò YouTube kankan, torí àwọn tó ń ṣe fídíò náà kò mọ NEPA. Nínú Zigbee, àwọn ẹ̀rọ tó ń jẹ iná ògiri ló ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jẹ bátìrì kọjá. Sẹ́ńsọ̀ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lè jìnnà sí hub, kó máa gba ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnì ránṣẹ́. Ó dáa. NEPA wá mú iná lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnì ò sí lórí ínfátà, ó kú. Sẹ́ńsọ̀ ẹnu ọ̀nà wà láàyè, bátìrì rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń pààrọ̀ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó tún un ṣe ni pé a rí i dájú pé ẹ̀rọ kan ó kéré tán lójú ọ̀nà yẹn wà lórí wáyà ínfátà. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún gílóòbù bó ṣe máa ṣe tí iná bá padà dé. Púpọ̀ nínú wọn, tí ẹ ò bá sọ fún wọn, wọ́n á tàn yòò. Aago mẹ́ta òru, "Up NEPA!", gbogbo yàrá dà bí ojúde ọlọ́jọ́ ìbí. Bàbá ọ̀rẹ́ wa kan ò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Gbogbo wàhálà wọ̀nyí, a gbé àkàbà, a gbé tẹ́sítà, a tún wọn ṣe. Ọwọ́ wa tó wọn. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù Mọ́mì jó, kí ni ọwọ́ wa tó? A ò mọ ìlú tí sáfà náà wà.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ á ti máa sọ lọ́kàn wọn pé, "Matter ń kọ́?" Matter 1.0 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá jókòó pọ̀ láti ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé láìdé sáfà. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àmì ara páálí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ kan lè fi títàn àti pípa sínú Matter, kó wá kó gbogbo ohun tó dùn níbẹ̀ pamọ́ sínú áàpù tirẹ̀, pẹ̀lú àkáǹtì àti páswọ́ọ̀dù. Ẹ ra á, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tó wà l'Amẹ́ríkà àti ní London. Ẹ ṣeun, ẹ ń rántí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àpótí ẹrù kún wa lọ́wọ́ mọ́ láìbéèrè. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù tí wọ́n ṣe fún iná 120 folti Amẹ́ríkà, nínú iná tiwa tó jẹ́ 230, èéfín ló máa kọ́kọ́ fi kí wa. Z-Wave Amẹ́ríkà wà lórí 908.42 MHz, ti Yúróòpù wà lórí 868.42, tí ẹ̀gbọ́n Houston bá fi hub ránṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n Peckham fi sẹ́ńsọ̀ ránṣẹ́, méjèèjì á jókòó sórí tábìlì kan náà bí ẹni tó ń bá ara wọn yodì.

Ohun mìíràn wà tó ju folti lọ. A ṣiṣẹ́ fún bàbá kan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló sanwó, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì, fóònù rẹ̀ nìkan ló ní áàpù. Aago méjì ọ̀sán n'Ìjẹ̀bú ni aago mẹ́jọ àárọ̀ níbi tó wà. Ó jí, ó ń mu kọfí, ó rí i pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lórí ínfátà, ó pa á. Bàbá tàn án, ó pa á. Ọkàn rere ló fi ń ṣe é, bátìrì tó fi owó ńlá rà ló ń dáàbò bò. Bàbá ò bá a jà. Wọ́n pe ẹlẹ́kítíríṣíànì àdúgbò, ó yọ ohun tí a fi síbẹ̀, ó so wáyà pọ̀ tààrà, wọ́n padà sùn. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni mo bí i. Kò lè máa fi fóònù wọn ooru fún mi."

Àwa la jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ. A ti gbé ilé lé ẹni tí kò sí nínú ilé lọ́wọ́, a sì yọ súwíìṣì ara ògiri kúrò torí pé ó ń ba ẹwà jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í fọwọ́ kan ilé tí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ò bá ní agbára láti fi ìka ara rẹ̀ tẹ nǹkan lára ògiri kó borí fóònù gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n tó bá fẹ́ máa wo ilé láti òkèèrè, ó lè wò ó. VPN wà fún ìyẹn, Home Assistant tiẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ téèyàn ń sanwó fún. Wíwò ni, pípàṣẹ kọ́.

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká dé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ọdọọdún la máa ń rí i: "Design and Construction of a Smart Home Automation System", iṣẹ́ àṣekágbá. Pátákó ESP8266 kan, relay mẹ́rin, gílóòbù mẹ́rin lórí páńkẹ́ẹ̀, áàpù ọ̀fẹ́ kan lórí fóònù. A gbé e wá síwájú àwọn olùkọ́, a fi hotspot fóònù ẹlẹ́gbẹ́ wa tàn án, wọ́n pàtẹ́wọ́, a gba A. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú láàbù, kò tàn mọ́, torí pé ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ọ̀fẹ́ ti yí ètò rẹ̀ padà, tàbí torí pé ẹni tó ni àkáǹtì ti lọ sìnrú ìlú ní Kebbi. Kò sí olùkọ́ kan tó béèrè pé, "Tí a bá pa hotspot yìí ńkọ́?" Ìbéèrè kan péré ni.

À ń rọ àwọn tó máa gbèjà iṣẹ́ wọn lọ́dún yìí pé kí wọ́n fúnra wọn pa hotspot náà níwájú àwọn olùkọ́. Kò ṣòro. ESPHome wà, Tasmota wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. MQTT tí wọ́n ń lò láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọdún 1999 ni Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ṣe é, fún ṣíṣọ́ páìpù epo rọ̀bì láti ọ̀nà jíjìn lórí sátẹ́láìtì, níbi tí ìsọ̀rọ̀ ti wọ́n tí okùn rẹ̀ sì máa ń já. Ẹ sọ fún wa bóyá ohun tí wọ́n ṣe fún irú ibẹ̀ yẹn ò bá ilẹ̀ wa mu ju áàpù tó gbà pé dátà kì í tán lọ. Ẹ gbé broker rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù inú láàbù. Iṣẹ́ yín á ṣì máa tàn nígbà tí ẹ bá wà ní Kebbi.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́wàá, a máa wà ní yàrá wa. Ẹni tó bá ní hub tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò dá a lójú, kó gbé e wá. A máa tan án, a máa yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ráútà, a máa wò ó. Èyí tó bá kú, a ó rí bóyá ọ̀nà wà láti gbà á lọ́wọ́ sáfà. Ẹ̀yin tó ń gba owó iṣẹ́ bíi tiwa, ẹ wá bá wa jiyàn. Ọ̀rẹ́ wa tó bínú á wà níbẹ̀, kò tíì gbà.

A padà sí Àkóbọ̀ ní oṣù tó kọjá. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bàjẹ́ ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Mọ́mì báyìí, igi Zigbee lára rẹ̀. A fi float switch púlọ́ńbà sílẹ̀ síbi tó wà, torí pé ojú ti là wá. A ní kí Mọ́mì dúró sí ìdí táǹkì. A tan pọ́ǹpù, a fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ lójú wọn, a fi lé wọn lọ́wọ́. Omi ń gòkè. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Táǹkì kún dé ibi tí a sàmì sí, a gbọ́ kò! nídìí pọ́ǹpù, ó dákẹ́.

Wọ́n ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe. Wọ́n ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó lọ gbé garawa tí wọ́n ti gbé sábẹ́ táǹkì látọdún náà kúrò níbẹ̀.